Àtàǹpàkò

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ní Ríńgì Róòdù,
tèmi àti ti Ìbíyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
pẹ̀lú gúgúrú tó wọ́n ju ìrẹsì ọjọ́ méjì lọ.
Wọ́n ní wọ́n ti sọ géèmù yẹn di fíìmù.
Mo ní, géèmù wo? Wọ́n ní, èyí tí ọkùnrin kan
ti ń gbé àtùpà wọ inú ihò.
Àyà mi já bí ẹni tí wọ́n fi oríkì pè láàárín ọjà.

A ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.
Lẹ́tà ara páálí rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí erùpẹ̀,
la bá sọ ọ́ ní Agbátùpà,
ní ṣọ́ọ̀bù Sàkíù, lẹ́yìn ilé epo Mọ́lété,
ogún náírà fún ẹ̀mí mẹ́ta,
jẹnẹrétọ̀ ń gbó lẹ́nu ọ̀nà bí ajá tó rí àlejò.
Páàdì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.
Láyíwọlá ẹ̀gbọ́n mi ló ń dì í mú;
iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ẹ̀mí tó kù.

Agbátùpà ò ní ohùn.
Àwọn tó ṣe é gbàgbé láti fún un lẹ́nu.
Láyíwọlá ló ń sọ̀rọ̀ fún un,
pẹ̀lú ahọ́n Ìbàdàn tí kì í sọ "ṣé", àfi "sé":
"Sé o rí àdán yẹn? Sọ́ra! Sáré!
Wọn ò lè sé wa mọ́bí, ọmọ Ọjà-Ọba ni wá!"
Síbẹ̀, odò dúdú ló máa ń pa á.
Á fò, á já sómi, àtùpà á kú,
Láyíwọlá á nawọ́ sí mi: "Ogún náírà dà?"
A fi owó búrẹ́dì ṣe é. A fi owó ìwé ṣe é.
Bàbá fi bẹ́líìtì bi wá léèrè,
a ò mọ bí a ṣe lè ṣàlàyé odò.

Iná sinimá kú. Ibẹ̀ tutù bí inú fíríìjì.
Agbátùpà jáde, ó ga, ó ní irùngbọ̀n,
ó ní ìyàwó tó kú, ó ní ìdí tó fi wọ ihò.
Kò nídìí kankan rí! A tẹ bọ́tìnnì, ó wọlé.
Ó lanu. Ohùn rẹ̀ jọ ti olówó tó sùn dáadáa.

Lẹ́yìn náà, odò.
Mo mọ òkúta kẹta tó máa ń yẹ̀.
Àtàǹpàkò mi méjèèjì dìde lórí itan mi,
wọ́n ń tẹ ohun tí kò sí.
Dúró. Dúró. Ó yá, báyìí!
Kò dúró dè mí.
Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ sódì kejì, aṣọ rẹ̀ gbẹ,
gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.
Kò ná owó búrẹ́dì ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní fíìmù náà ò dára.
Ìbíyẹmí sunkún níbi tí wọ́n fẹ́ kó ti sunkún.
Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí èèrà,
mo jókòó tì wọ́n, bíi pé tiwa lè wà níbẹ̀,
títí agbálẹ̀ fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí o."

Kánádà ni Láyíwọlá wà báyìí,
ó ń wa ọkọ̀ tí ń kó yìnyín lójú títì.
Mo pè é láti inú ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ti dán,
ó sọ "ṣé dáadáa ni" bí ẹni tó ń ka ìròyìn.
Mo ní, mo rí Agbátùpà lónìí.
Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ yìnyín ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.
"Sé ó kọjá odò?"
Ó kọjá.
"Ìgbà mélòó ló gbà á?"
Ẹ̀ẹ̀kan.
Ó pòṣé, ó gùn bí ọ̀nà Mọ́lété sí Bẹẹrẹ.
"Kì í se òun nìyẹn," ó ní. "Ẹlòmíì ni wọ́n fi hàn yín."